Ohùn Tó Ń Ka Ẹgba

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta sẹ́yìn, ẹnìkan gbé aago ẹ́dímásítà kúrò lára ògiri, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láti wo ohun tó ń mú un rìn, aago bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ́. Ẹni náà gbá gíláàsì tó fọ́ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi aṣọ ìnujú wé ọwọ́ aago tó gùn jù, ó tì í bọ inú àpò ìwé ọmọ kíláàsì karùn-ún kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí gbogbo ilé-ìwé tò sórí ìlà, wọ́n tú àpò kálukú wò, wọ́n sì rí ọwọ́ aago níbi tí wọ́n fi í sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ náà.

Ẹ́dímásítà ní kí àwọn géńdé mẹ́rin láti kíláàsì kẹfà gbé e. Àṣà ilé-ìwé náà ni pé kí ẹ́dímásítà máa nà, kí àwọn ọmọ máa kà, kí ẹgba má baà ṣì. Ọ̀tàlénígba ọmọ la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín láàárín. Ẹni tí kò tíì jẹun àárọ̀ gbàgbé ebi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń nà ò gbọ́ ohùn ọ̀tàlénígba. Ohùn kan ṣoṣo ló gbọ́, torí pé ó mọ̀ ọ́n láti ilé, ohùn tó là bí agogo, tó ń pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àpèyé. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀, tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Aṣọ ìnujú tí wọ́n fi wé ọwọ́ aago sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ìyá wọn ló ra aṣọ ìnujú méjì, funfun fún àbúrò, búlúù fún ẹ̀gbọ́n. Funfun wà lápò ṣòkòtò ọmọ náà nígbà tí wọ́n gbé e sókè.

Èjìlá ni wọ́n kà. Ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó gba ẹnu géètì jáde, kò sì tẹ ilé-ìwé mọ́ títí dòní.

Ìyá wọn bẹ̀ ẹ́. Bàbá wọn bẹ̀ ẹ́, ó nà án, ó tún bẹ̀ ẹ́. Tíṣà kíláàsì rẹ̀ wá sílé lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà ní òun ò lọ. Wọ́n bi í bóyá òun ló fọ́ aago, ó ní òun kọ́. Wọ́n ní ta ni nígbà náà, ó dákẹ́. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó ní ìgun yàrá pẹ̀lú ìwé lórí itan, ó ń retí. Ó sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé ẹnu tó mọ̀ ọ́n ni yóò sọ ọ́, òun ò ní bá a sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ṣí ojú ìwé tó kàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n di tíṣà, ó sì di ẹ́dímásítà nígbà tó yá. Àbúrò di káfíńtà. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Mágbàgbé ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí orúkọ náà torí pé òdodo ni. Ọkùnrin kan tó ta pákó tútù fún un lọ́dún méjìdínlógún sẹ́yìn, tí àpótí aṣọ tó fi kàn sì tẹ̀ kọ́dọ́rọ́, Mágbàgbé ṣì máa ń sọdá sí òdìkejì títì tó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò jẹ́ gbàgbé. Mágbàgbé kó tirẹ̀, ó sì ń gbé e kiri.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi. Bẹ́ǹṣì méjì, ayùn tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri láti orí kékeré dé ńlá, fèrèsé kan tó kọjú sí títì, òórùn gọ́ọ̀mù àti pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Èèyàn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá Pọ́líìṣì ni obìnrin tó ń kun igi, opó ni, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ti di àwọ̀ àga láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Fóòmù ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń fi fóòmù àti awọ bo ìjókòó. Ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, wọn kì í fi irin ìdìmú há àga tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ Mágbàgbé níṣẹ́ ló fi àṣà náà lé e lọ́wọ́. Ó ní irin kì í mọ̀gbà tí igi bá fẹ́ yẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló ń mọ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù sí oríkèé àga, wọ́n á yí i ká, kálukú á kúnlẹ̀ tàbí kó jókòó sórí àpótí, ọwọ́ méjèèjì lórí oríkèé tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tú u sílẹ̀ títí gọ́ọ̀mù á fi mú. Ó máa ń tó ogójì ìṣẹ́jú. Imú lè máa yún èèyàn, eṣinṣin lè bà sí i létí, kó fara dà á. Ẹni tó bá tú ọwọ́ kó tó yẹ, àga náà á máa tiro títí tí wọ́n á fi fi í dáná.

Èèyàn tí ọwọ́ rẹ̀ há báyìí, kí ló lè ṣe bí kò ṣe kó gbọ́ ìtàn? Mágbàgbé ló ń sọ ọ́. Ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn tó ti kà láti ìgbà náà pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ tó parí ẹ̀ lọ, èyí tó sì ń ti inú ara rẹ̀ jáde pọ̀ ju èyí tó kà lọ. Gbogbo ìtàn rẹ̀ ló ní ọ̀daràn. Kó tó dé ibi ìyà, á dákẹ́, á wá máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan yí àga ká, pé kí ni ká ṣe fún un? Kálukú á dá ẹjọ́ tirẹ̀. Èyí tó bá wúwo jù ni Mágbàgbé máa ń mú, á sì wá sọ ọ́ kúnnákúnná, bí ẹni tó ń fi sáńpépà fá ẹsẹ̀ tábìlì, kò ní yára.

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó bá wá wo iṣẹ́ wọn pàápàá á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, wọn ò ní lọ mọ́ títí ọ̀daràn á fi jẹ tirẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí Mágbàgbé sọ ìtàn kan tí wọ́n ti dárí ji ọ̀daràn níparí, ó kàn fẹ́ wo bó ṣe máa rí. Ìyá Pọ́líìṣì nìkan ni kò ráhùn. Fóòmù ò kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ìtàn ọ̀hún dà bí ìgbà tí èèyàn bá la ẹnu, tó fa imú, tó dijú, tí kò sì wá sín mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ya Mágbàgbé lẹ́nu jù ni ti onílé kan. Ọkùnrin náà ti lé ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta síta nínú òjò, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ó wá wo bẹ́ẹ̀dì tó ní kí wọ́n kàn, ó bá ìtàn níbẹ̀, ìtàn onílé kan tó ń lé àwọn èèyàn síta nínú òjò. Mágbàgbé mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí òrùlé wó lu onílé inú ìtàn, onílé tòótọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló tọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì lọ sílé ní àlàáfíà.

Láti ọjọ́ náà ni Mágbàgbé ti mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn, gbogbo ayé ló máa ń jókòó sórí àga ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Àga ọ̀daràn máa ń ṣófo ni. Èèyàn á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò ní rí orúkọ ara rẹ̀ lára ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni ìyá wọn kú. Ilé Tíṣà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ti ṣàìsàn, ibẹ̀ ni Mágbàgbé ti lọ rí i ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ìyá arúgbó náà dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ ti fúyẹ́ bí èèpo igi tí ìfági bó. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ aago yẹn, mo ti dárí ẹ̀ jì ẹ́."

Tíṣà dúró ní òdìkejì bẹ́ẹ̀dì, ó ń bu omi sínú ife fún un. Omi ò dà sílẹ̀. Mágbàgbé wo ife náà, ó wo ọwọ́ tó mú un, ó dúró fún ẹnu tó mọ̀ ọ́n. Ẹnu náà ní kí ìyá wọn gbé orí sókè díẹ̀ kí omi má baà pá a lórí. Mágbàgbé jáde kúrò nínú yàrá. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ránṣẹ́ pè é pé ó ti lọ.

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé. Kò fẹ́ kí Tíṣà ṣàìsàn, kò fẹ́ kí ọmọ Tíṣà ya ìyàkuyà. Ó fẹ́ gbọ́ ọ. Níwájú àwọn èèyàn ni wọ́n ti kà á, níwájú àwọn èèyàn ni kí Tíṣà ti sọ ọ́, ohùn ketekete, lójú ọ̀sán.

Nígbà tí Tíṣà pé ọgọ́ta ọdún, ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ àga tó ga lẹ́yìn, tó ní ibi ìgbápálé, èyí tóun á máa jókòó kàwé sí. Ó ní ìyá àwọn kìlọ̀ kó tó kú pé kí àwọn má di àlejò sí ara wọn. Mágbàgbé wọn ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọn itan rẹ̀, ó kọ iye rẹ̀ sára pákó. Ó ní kò burú, Tíṣà. Bí gbogbo ìlú ṣe ń pè é ni òun náà ṣe ń pè é. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò tíì pe ọkùnrin náà ní ẹ̀gbọ́n rí.

Tíṣà ò níṣẹ́ tó ń ṣe mọ́, bó ṣe di pé ó ń wá lójoojúmọ́ nìyẹn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Á gbé bẹ́ǹṣì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á sì máa gbọ́ ìtàn. Ó mọ̀ ọ́n gbọ́. Ó máa ń mi orí níbi tó yẹ. Ó sọ fún wọn pé fún ọdún márùndínlógójì tóun fi kọ́ ọmọ, kò sí kíláàsì kan tí kì í hó nígbà tí òṣìkà bá kó sí kòtò tó gbẹ́. Ọmọ tó sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn á jí síbi ìyà. Ó ní òun ò rí ọmọ kan rí tó béèrè pé òṣìkà ńkọ́, ṣé ó dùn ún.

Fóòmù ní kí ló máa béèrè fún, ṣé òṣìkà bá a tan ni?

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mágbàgbé ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìfági fá ẹsẹ̀ àga Tíṣà, ó sì ń ro ìtàn kan.

Ọjọ́ tí wọ́n máa lẹ àga náà jẹ́ ọjọ́bọ̀. Oríkèé mẹ́rin ló ní, èèyàn mẹ́ta ló wà. Mágbàgbé ní kí Tíṣà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, kó ká ọwọ́ ẹ̀wù, kó wá di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú. Inú Tíṣà dùn bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá nu bọ́ọ̀dù. Ó kúnlẹ̀ sórí àpò tí wọ́n ká fún un. Fóòmù di ti ọ̀tún, Ìyá Pọ́líìṣì di ti iwájú, Mágbàgbé di èyí tó kọjú sí Tíṣà. Gọ́ọ̀mù yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín igi. Ojú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ò jìn síra ju ìbú àga kan lọ.

Mágbàgbé ní àwọn ọmọ ìyá méjì kan wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láàfin ọba kan. Ẹ̀gbọ́n ń gbálẹ̀ yàrá ọba, àbúrò ń pọn omi. Ọba yìí ní dígí kan tó fẹ́ràn ju ọmọ lọ. Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n gbé dígí náà láti wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ mọ ibi tí ojú èèyàn ń gbà wọnú rẹ̀, dígí bọ́, ó fọ́. Ẹ̀gbọ́n mú àfọ́kù kan, ó fi aṣọ ọrùn ara rẹ̀ wé e, ó sì fi í sínú agbọ̀n àbúrò.

"Ọmọ ìyá ẹ̀ kẹ̀," Fóòmù ní, "ọmọ ìyá ẹ̀ gan-an?"

"Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá," Mágbàgbé dáhùn.

Fóòmù kígbe ìyà fún ẹni náà láìtíì gbọ́ ìyókù. Ìyá Pọ́líìṣì ní kó rọra, kó má mi igi. Mágbàgbé wo Tíṣà. Tíṣà tẹ́tí, ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó ń retí àkàsọ̀ tó kàn.

Mágbàgbé tẹ̀síwájú. Wọ́n rí àfọ́kù dígí nínú agbọ̀n àbúrò, wọ́n gbé e lọ sí gbàgede ìlú, wọ́n nà án, gbogbo ìlú ń ka ẹgba. Kò sọ iye rẹ̀. Ó sọ pé ẹ̀gbọ́n wà láàárín wọn tó ń kà. Ó sọ pé àbúrò jáde nílùú ọjọ́ náà, pé ẹ̀gbọ́n di ìjòyè, ó di adájọ́, ó ń dá ẹjọ́ olè fún ọgbọ̀n ọdún, ìyá wọn sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àbíkẹ́yìn òun ló fọ́ dígí ọba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wó yàrá ọba láti tún un kọ́, wọ́n bá ìyókù àfọ́kù níbi tí agbálẹ̀ nìkan ló lè gbá a sí. Gbogbo ìlú mọ̀.

Ó dákẹ́.

"Ó yá," Mágbàgbé ní. "Kí ni ká ṣe fún un?"

Fóòmù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bó ti máa ń ṣe. Ó ní kí wọ́n gbé adájọ́ náà sínú odò, kí ọ̀nì jẹ ẹ́ láti ẹsẹ̀ wá sókè, kó lè pẹ́ kó tó kú. Ó ní kí wọ́n tún fi dígí sí iwájú rẹ̀ kó máa wo ara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ti dígí yẹn gan-an, ó tún un sọ.

Ìyá Pọ́líìṣì ní, "Kó sọ ọ́. Kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn tó kà á. Èmi ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀."

Fóòmù ní ìyẹn kì í ṣe ìyà, ẹ kú ilé nìyẹn. Obìnrin náà ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò nílé nígbà tó bá délé, kó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, kó sọ nǹkan kan ṣoṣo tóun ti ṣe tí ìyẹn ò mọ̀, kó wá padà wá sọ bó ṣe fúyẹ́ tó. Fóòmù dákẹ́ bí ìṣẹ́jú méjì. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Ó kan Tíṣà. Ó mí sínú. Ó ní, "Ìjìyà tó tọ́ ni èyí tó bá ẹ̀ṣẹ̀ mu. Kí wọ́n nà án níbi tí wọ́n ti na àbúrò ẹ̀. Iye ẹgba kan náà. Kí gbogbo ìlú sì kà á, kó fi etí ara ẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń rí."

Ó fi ohùn ẹ́dímásítà sọ ọ́, ó là, kò sí kùnkùn nínú rẹ̀. Mágbàgbé wo ojú náà. Ó wá ẹ̀rù níbẹ̀, kò rí i. Ó wá ìtìjú, kò rí i. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó nasẹ̀. Mágbàgbé ti rò pé Tíṣà ń fi í pamọ́ ni láti ọjọ́ yìí wá. Kò rò ó rí pé ó ṣeé ṣe kí òun nìkan ló kù tó ń gbé ẹrù náà.

Ó ní ó dáa, ti Tíṣà la mú. Wọ́n mú adájọ́ jáde lọ sí gbàgede. Géńdé mẹ́rin gbé e sókè. Pàṣán ròkè.

"Ọ̀kan," Fóòmù ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èjì," wọ́n jọ kà á, òun àti Tíṣà. "Ẹ̀ta. Ẹ̀rin."

Mágbàgbé ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìtàn ti bọ́ sí wọn lẹ́nu, ó ń rìn fúnra rẹ̀. Fóòmù ń mi orí sí i. Ohùn Tíṣà ti dàgbà, ó ti gbó díẹ̀ ní eteetí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àpèyé ò yí padà. Àrún. Ẹ̀fà. Èje. Mágbàgbé tẹ ọwọ́ mọ́ igi. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ó kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn kan ṣoṣo náà, ó sì dùn mọ́ ohùn náà bó ṣe dùn mọ́ ọn nígbà náà. Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá. Ọ̀kànlá. Èjìlá.

"Ẹ̀tàlá," Fóòmù ní.

Òun nìkan ló sọ ọ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní Tíṣà ti fi òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n jọ máa lọ, ẹgba ò tíì tó o.

"Èjìlá ni," Tíṣà ní, bí ẹni tó ń tún ìṣirò ọmọ kan ṣe.

"Mi ò sọ iye kankan," Mágbàgbé ní.

Tíṣà wo ọwọ́ rẹ̀ lórí igi. Ìgbà náà ni Mágbàgbé rí ohun tó ti ń wá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti eteetí irun, ó sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọ̀ ojú náà sì yí padà bí igi tí omi gbà.

"Ta ló sọ fún yín pé èjìlá ni, Tíṣà?"

"Ọwọ́ ń ro mí," Tíṣà ní. "Jẹ́ kí n dìde díẹ̀, àbúrò mi."

"Ẹ má tú ọwọ́ yín. Àga yín ni. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Tíṣà ò dìde. Fóòmù ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì, ẹ̀rín ṣì kù lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ nítorí kò tíì rántí pa á. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló mọ̀ pé ọ̀gá wọn kúrò nílé-ìwé nítorí aago kan. Ó máa ń sọ ọ́ tó bá ń ṣépè fún ẹ́dímásítà tó ti kú. Kò sọ ẹni tó fọ́ ọ rí. Díẹ̀díẹ̀, ó hàn lójú Fóòmù pé ó ti yé e. Ẹni tó ní kí ọ̀nì jẹ ọkùnrin kan láti ẹsẹ̀ wá sókè wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọdé ni wọ́n nígbà yẹn. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ wo irun orí wọn."

"O ní kí wọ́n fi dígí síwájú ẹ̀," Mágbàgbé ní. "O sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìyẹn nínú ìtàn ni, ọ̀gá. Ẹni tá a mọ̀ kọ́ ni."

Ìyá Pọ́líìṣì ló sọ̀rọ̀, kò gbé ojú kúrò lára oríkèé tó dì mú. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dun òun. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ọ̀gá, ẹ mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní. Ẹ jẹ́ kí ìyá yín lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ní ẹnu tiyín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mágbàgbé lára bí ìṣó. Ó fẹ́ dáhùn. Ó fẹ́ sọ pé ẹnu tó ṣe é ló yẹ kó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó fúyẹ́ wá sí i lọ́kàn. Ó mọ̀ pé tóun bá tún ayé wá, òun á tún dákẹ́. Ìyẹn ló burú jù.

"Ṣùgbọ́n mo ti dá ẹjọ́ tèmi," obìnrin náà ní. "Mi ò yí i padà. Kí wọ́n sọ ọ́."

Gọ́ọ̀mù ń le láàárín ìka wọn. Níta, ẹnìkan ń pe ẹnìkan pé kó wá gbé nǹkan. Tíṣà tẹ orí ba títí iwájú orí rẹ̀ fẹ́ kan ẹ̀yìn àga, ó sì sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́ sínú igi.

"Mi ò gbọ́ yín," Mágbàgbé ní. "Ohùn tí ẹ fi kà á, òun ni kí ẹ fi sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n."

Tíṣà gbé orí sókè. Kò tú ọwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó là, ó pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpèyé, débi pé ẹni tó ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé dúró wo inú ilé.

"Èmi ni mo fọ́ aago ẹ́dímásítà. Èmi ni mo fi aṣọ ìnujú mi wé ọwọ́ ẹ̀, tí mo tì í bọ inú àpò ẹ. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ sókè, mo kà á. Mo ka gbogbo ẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi, torí pé kì í ṣe èmi."